Ọwọ́ Tí Ó Mọ Iná: Asírù Ọlátúndé ti Òṣogbo àti Dígí Igbó Olókun

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún ọdún Ifá

     

Kí ọ̀rọ̀ tó gùn, kí olúkúlùkù awo wo ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìdè Ifá wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó mọ́ ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́ ni wọn kò ti bọ́ ọ kúrò. Dígí ni púpọ̀ nínú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà, láti òkè òkun ni wọ́n sì ti kó wọn wá. Ọkọ̀ ni ó gbé wọn, oníṣòwò ni ó tà wọ́n, kí awo tó wá sín wọn sí okùn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé ojú kúrò lára ìdè, kí wọ́n wo òpá òsùn tí ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Irin ni. Ẹyẹ tí ó bà lé orí rẹ̀, irin ni. Agogo kéékèèké tí ó ń dún bí a bá ti gún un mọ́lẹ̀, irin ni. Alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ yìí ni ó rọ ọ́, kò sí ẹni tí ó ní láti kọ̀wé sí òkè òkun kí òsùn tó dé ọwọ́ babaláwo.

Iná kan náà ni ó bí àwọn méjèèjì. Èédú, afẹ́fẹ́, amọ̀ tí ó lè fara da ooru, àti ọwọ́ tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí a fa nǹkan jáde nínú iná: ohun tí irin ń béèrè náà ni dígí ń béèrè. Síbẹ̀ ọ̀kan ṣì wà nílé, èkejì ti di ohun tí a ń rà. Bí ìyẹn ṣe ṣẹlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òní. Ẹni tí yóò sì ṣíwájú fún ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọba, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, bí kò ṣe alágbẹ̀dẹ kan tí ara rẹ̀ kò gba iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ mọ́.

Asírù Ọlátúndé ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1918 ni wọ́n bí i, ìdílé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n sì bí i sí. Ẹni tí wọ́n bá bí sí irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà náà kì í yan iṣẹ́; iṣẹ́ ni ó ń dúró dè é. Ọmọdé a kọ́kọ́ máa fin ewìrì. Iṣẹ́ tí ó dà bí eré ni, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ àwọ̀ iná. Irin tí ó pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ kò tíì yá fún gbogbo iṣẹ́; èyí tí ó ti ń funfun lójú ti fẹ́ kọjá ààlà. Lẹ́yìn ewìrì ni ẹ̀mú, lẹ́yìn ẹ̀mú ni ọmọ owú, ó sì lè pẹ́ kí ọmọ tó di ẹni tí wọ́n ń fi owú ńlá lé lọ́wọ́. Ọkọ́, àdá, ọ̀bẹ, pàkúté ọdẹ ni wọ́n ń rọ. Ilé àgbẹ̀dẹ kì í ṣe ibi ọjà lásán, nítorí ojúbọ Ògún ni pẹ̀lú. Níwájú owú ni a ti ń búra, ẹni tí ó bá sì mọ ìtumọ̀ ìbúra yóò ṣọ́ ẹnu rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé nígbà tí Asírù fi di géńdé, ilé àgbẹ̀dẹ ti ń pàdánù nǹkan. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń wa òkúta irin, iléérú ilẹ̀ yìí ni wọ́n sì fi ń sun ún títí irin yóò fi jáde. Ìgbà tí irin òyìnbó pọ̀ lọ́jà, tí ó sì rọ̀ jù, iléérú tutù, alágbẹ̀dẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ra irin tí ẹlòmíràn ti sun. Lẹ́yìn náà ọkọ́ àti àdá alátagbà tún dé. Alágbẹ̀dẹ kò tíì kú, ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹnu rẹ̀ ti ń kéré.

Àìlera wá dé bá Asírù lórí èyí. Iṣẹ́ owú kì í ṣe iṣẹ́ aláìsàn. Ẹni tí ó bá ti rí alágbẹ̀dẹ mẹ́ta tí wọ́n ń lu irin kan náà ní àlùtẹ̀léra, tí òógùn ń ro tótó, yóò mọ̀ pé kò sí ọgbọ́n tí ẹni tí ara rẹ̀ kò le lè dá síbẹ̀. Asírù gbé owú sílẹ̀. Fún ọmọ ilé àgbẹ̀dẹ, ìyẹn jọ ikú kékeré: iṣẹ́ baba rẹ̀ kọ̀ ọ́, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì jẹ́ ti ẹni tí ó ń lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn mọ́.

Ohun tí ó ṣe ni pé ó kúrò lórí irin, ó bọ́ sórí bàbà. Bàbà rọ̀ ju irin lọ. Bí wọ́n bá ti rọ ọ́ di pẹlẹbẹ, òòlù kékeré tó o, kò ní kí wọ́n máa lù ú ní gbogbo ìgbà nínú iná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ohun ọ̀ṣọ́ kéékèèké, yẹtí àti irú wọn, ó sì ń fín àwòrán sí wọn lára. Nǹkan kékeré ni, owó kékeré ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ bí irin ṣe ń gbọ́ràn sí owú lẹ́nu kò gbàgbé ohun tí ó mọ̀ nítorí pé wọ́n gba owú lọ́wọ́ rẹ̀. Òwe àwọn àgbà ni pé alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Asírù ń lu bàbà, ó ń fa ẹranko yọ, ó ń fa ènìyàn yọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Ulli Beier rí iṣẹ́ rẹ̀. Ará Jámánì ni Beier, Òṣogbo ni ó ń gbé nígbà náà, òun àti Dúró Ládiípọ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Mbari Mbayo sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1962. Ó ní kí Asírù ṣe iṣẹ́ tí ó tóbi ju yẹtí lọ. Asírù gbé páànù bàbà tí ó fẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí bí ó ṣe ń ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń fín páànù a máa lù ú láti ẹ̀yìn, kí àwòrán lè wú jáde níwájú. Asírù kì í sábà gba ibẹ̀ lọ. Iwájú gan-an ni ó ti ń lù ú. Yóò fa ìlà àwòrán náà, yóò wá fi irin ẹlẹ́nu kékeré àti òòlù tẹ ilẹ̀ tí ó yí i ká wọlé, àmì kan lẹ́yìn òmíràn, títí gbogbo ẹ̀yìn àwòrán yóò fi kún fún ojú òòlù bí ilẹ̀ tí òjò wẹliwẹli rọ̀ sí. Ohun tí kò fọwọ́ kàn ni yóò ṣẹ́kù tí yóò yọ sókè: ẹyẹ, ewé, ojú ènìyàn. Kò gbé àwòrán dìde. Ilẹ̀ tí ó yí i ká ni ó rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni, kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Ẹni tí àìsàn ti lé kúrò nídìí owú ni ó wá rí ọ̀nà tí a fi ń lu irin láìní agbára owú.

Bàbà wọ́n. Nígbà tí ó ṣe, ó bọ́ sórí alumíníọ̀mù, ohun kan náà tí a fi ń ṣe ìkòkò ọbẹ̀ àti páànù orí ilé. Àwọn kan lè rò pé ìyẹn bu iyì iṣẹ́ náà kù. Ó yẹ kí wọ́n tún ìrò náà rò. Alumíníọ̀mù ni ó jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ lè tóbi tó ilẹ̀kùn àti ara ògiri, funfun rẹ̀ sì ń gba ìmọ́lẹ̀ lọ́nà tí bàbà kò lè gbà á.

Igi ńlá kan ni ó fẹ́ràn jù lọ, igi ìyè, tí ẹ̀ka rẹ̀ kún gbogbo páànù, tí ẹyẹ, ọ̀bọ, ejò àti ènìyàn wà láàárín ewé rẹ̀. Ó fín ọjà, ó fín ọdẹ, ó fín ààfin ọba, ó fín ọdún ìbílẹ̀. Ó fín Ádámù àti Éfà pẹ̀lú. Orúkọ Mùsùlùmí ni ó ń jẹ́, ìtàn inú Bíbélì wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, ohun èlò Ògún sì ni ó fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó ní kí ó lé èkejì jáde. Àwọn tí ń jà lórí ẹ̀sìn lóde òní ì bá lọ jókòó tì í fún ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a tún sọ dáadáa. Àwọn ìwé máa ń sọ pé Beier ni ó “ṣàwárí” Asírù, bí ẹni pé inú igbó ni ó wà kí òyìnbó tó rí i. Ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún, tí ó ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìdílé rẹ̀, tí ó sì ti ń fín bàbà kí àlejò tó dé, kò sọnù. Ohun tí Beier fún un kì í ṣe ohun kékeré: ó fún un ní ìgboyà láti ṣe ohun ńlá, ó sì fún un ní ojú ọ̀nà sí àwọn tí yóò ra á. Kí a dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà, ilé baba rẹ̀ ni ó ti mú un wá. Kí Beier tó dé sí Nàìjíríà ni àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń fi irin ṣe ère. Kí ni òpá Ọ̀sanyìn tí ẹyẹ mẹ́rìndínlógún yí ẹyẹ kan ká, bí kò ṣe ère irin? Ẹni tí ó rọ òsùn kò pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ ọnà, òsùn náà kò sì gbé inú ilé ìṣàfihàn rí kí ó tó níyì.

Asírù kò sì gbé iṣẹ́ náà pamọ́. Àwọn ọ̀dọ́ rí i, wọ́n jókòó tì í, àwọn mìíràn ṣe àfarawé rẹ̀, títí páànù alumíníọ̀mù tí a fín fi di ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ènìyàn ń bá ní Òṣogbo. Púpọ̀ nínú àfarawé náà kò dára. Òtítọ́ ni kí a sọ. Ohun tí a ń yára ṣe fún arìnrìn-àjò kì í ní sùúrù Asírù nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kú ní 1993, iṣẹ́ náà kò bá a wọ sàréè. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà sí Ilé-Ifẹ̀ nìyí.

Gbogbo ọmọ Ifẹ̀ mọ̀ nípa àwọn orí idẹ àti bàbà tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, nígbà tí wọ́n ń walẹ̀ láti kọ́lé. Wọ́n mọ̀ nípa ojú Ọbalùfọ̀n tí wọ́n fi bàbà dà, ohun tí àwọn onímọ̀ irin ń bọ̀wọ̀ fún, nítorí bàbà tí kò ní àdàlù kì í fẹ́ sàn dáadáa sínú ẹ̀kún amọ̀. Ohun tí ènìyàn kì í sábà fi yangàn ni dígí. Bẹ́ẹ̀ ni dígí gan-an ni ó ṣọ̀wọ́n jù.

Igbó Olókun ni ibi náà. Nígbà tí Leo Frobenius dé Ifẹ̀ ní 1910, ó bá a pé àwọn ènìyàn ti ń walẹ̀ níbẹ̀ fún ìlẹ̀kẹ̀. Òun náà wà á, ó rí ìkòkò tí inú rẹ̀ dán, tí dígí ṣì lẹ̀ mọ́ lára. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ pé dígí òkè òkun ni àwọn ará Ifẹ̀ ń rà, tí wọ́n sì ń tún un yọ́. Láti 2010 sí 2012 ni onímọ̀ ìwalẹ̀ kan tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá, Abídèmí Babatúndé Babalọlá, tún walẹ̀ níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000 ni ó jáde, àti àpáàdì ìkòkò ìyọ́dígí tí ó lé ní 800, pẹ̀lú pàǹtírí dígí. Wọ́n yẹ ohun tí ó wà nínú dígí náà wò. Láìmù àti àlúmínà inú rẹ̀ pọ̀ lọ́nà tí dígí Lárúbáwá, ti Yúróòpù àti ti Íńdíà kò fi bá a mu. Ilẹ̀ Ifẹ̀ ni wọ́n ti kó èròjà rẹ̀, ọwọ́ ará Ifẹ̀ ni ó yọ́ ọ, láàárín nǹkan bí ọ̀rúndún 11 sí 15. Irú rẹ̀ ti dé Gao ní ilẹ̀ Mali. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búlúù nínú rẹ̀ bá ohun tí àwọn àgbà ti ń sọ nípa ṣẹ̀gi mu, pé Ifẹ̀ ni orírun rẹ̀.

Kì í ṣe pé wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ dígí bí àwọn mìíràn ṣe ń fẹ́ ẹ. Ìyẹn, etí òkun Síríà àti Palẹ́sítínì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn: wọn a fi ihò irin gígùn bu dígí tí ó yọ́ bí oyin, wọn a fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, yóò wú bí ìfòòfó ọṣẹ, wọn a sì máa yí i kí ó má bàa wọ́ sílẹ̀. Ní Ifẹ̀, fífà ni wọ́n ń fà á. Wọ́n á fa dígí gbígbóná gùn bí okùn, tí ihò yóò wà láàárín rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á wá gé e sí kéékèèké. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni, ọgbọ́n kan náà ni: kí a mọ ìṣẹ́jú tí dígí kò tíì le tí kò sì rọ̀ jù. Ìmọ̀ ewìrì ni. Ọmọ tí ó ti fin ewìrì nílé àgbẹ̀dẹ mọ ìdajì rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Iná náà kú. Ìkòkò ìyọ́dígí fọ́, ilẹ̀ bò ó. Nígbà tí ó fi di ayé Frobenius, wíwà ni wọ́n ń wa ìlẹ̀kẹ̀ nínú ilẹ̀ bí ẹni ń wa iṣu tí ẹlòmíràn gbìn. Kò sí ilé kan ní Ifẹ̀ tí wọ́n ti ń yọ́ ọ mọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ilẹ̀ Ítálì ti ń wọlé láti etíkun, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ra ènìyàn. Kí ẹni tí ó bá ń gbọ́ èyí rọra gbé e wò: ìlú tí ó ń yọ́ dígí fúnra rẹ̀ wà ní ilẹ̀ kan náà tí wọ́n wá ń fi dígí ra ọmọ ènìyàn.

Ìlẹ̀kẹ̀ ilẹ̀ Ítálì yẹn, ọ̀nà tí àwọn tí ó ń ṣe é fi pa iṣẹ́ wọn mọ́ yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Ní 1291 ni ìjọba Venice pàṣẹ pé kí gbogbo iléérú dígí kúrò láàárín ìlú, kí wọ́n lọ sí erékùṣù Murano. Ìbẹ̀rù iná ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n erékùṣù rọrùn láti ṣọ́. Nígbà tí ó yá, òfin kò jẹ́ kí ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà gbé ìmọ̀ rẹ̀ jáde lọ sí ìlú mìíràn. Àṣírí náà mú owó wọlé fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Nígbà tí ó sì kúrò lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ńláńlá ni ó bọ́ sí, débi pé títí di àárín ọ̀rúndún 20, ní Amẹ́ríkà pàápàá, kò wọ́pọ̀ kí ẹnìkan ṣoṣo tí ó jẹ́ oníṣẹ́ ọnà gbé dígí ka iná nínú ilé tirẹ̀.

Ẹni tí ó já ìdènà náà ni Harvey Littleton. Olùkọ́ iṣẹ́ amọ̀ ni ní Yunifásítì Wisconsin. Baba rẹ̀ jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ dígí ní Corning, nítorí náà ó dàgbà sí ẹ̀bá iná náà. Ní 1962, ọdún kan náà tí Mbari Mbayo bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo, ó pe àwọn ènìyàn díẹ̀ jọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Toledo, ó mọ iléérú kékeré kan, ó ní kí wọ́n yọ́ dígí. Dígí àkọ́kọ́ kò gbọ́ràn. Dominick Labino, ẹni tí ó mọ ìṣesí dígí dáadáa, ni ó fún wọn ní irú dígí tí ó rọrùn láti yọ́, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀kọ́ dígí fi wọ yunifásítì. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Littleton ni Dale Chihuly. Ìjàǹbá ọkọ̀ fọ́ ojú òsì rẹ̀ ní 1976. Ní 1979 apá rẹ̀ tún yẹ̀, kò sì lè di ihò irin mú mọ́. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń ya àwòrán, ó ń darí, àwọn mìíràn ń fẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn Asírù yóò mọ ìtàn yìí bí ẹni mọ ojú ìbejì.

Àwọn àgbà kan lè béèrè pé: kí ni gbogbo èyí kan awo? Ẹ̀yin awo ni ó kàn jù. Orúkọ yín ń jẹ́ awo, ẹ mọ ohun tí a ń pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Ifá fúnra rẹ̀ ṣe yè. Odù 256 kò sí lórí ahọ́n ẹnìkan ṣoṣo. Àgbà awo a máa gba ọmọ ọlọ́mọ sílé, a máa kọ́ ọ ní àárọ̀, a máa gbọ́ ọ ní alẹ́, a sì máa rán an lọ sọ́dọ̀ awo ìlú mìíràn kí ó lè gbọ́ ohun tí wọn kò mọ̀ nílé. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kó awo lẹ́rú lọ sí Kúbà, Ifá wà nínú orí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè gbà á. Ní 2005 ni àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, ohun tí àwọn àgbà ti fi ọ̀nà ìkọ́ni yẹn pa mọ́ ni wọ́n kéde. Dígí Igbó Olókun kò rí irú rẹ̀. Ifá sọdá òkun. Dígí náà jìnnà sí Ifẹ̀ nígbà tí ó ti di ìlẹ̀kẹ̀ tán, nínú àpò oníṣòwò. Ohun tí ó ti parí ni ó rìn jìnnà, ìmọ̀ tí ó ṣe é kò rìn tó o.

Ẹnìkan lè fi Bida já ọ̀rọ̀ yìí nírọ́. Àwọn Masaga ní Bida, láàárín àwọn Nupe, pa iṣẹ́ dígí mọ́ sínú ìdílé, iná wọn kò sì kú. Òtítọ́ ni, ó sì yẹ kí a kí wọn. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, wọ́n ń yọ́ dígí dúdú fúnra wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní bikini. Lónìí, ìgò tí ó fọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń yọ́. Ìdajì ìmọ̀ náà ṣì wà nínú ilé. Ìdajì kejì ti ń bá iléérú irin ilẹ̀ Yorùbá lọ.

Ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí ó jẹ́ awo àti ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n tú igbódù síta. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n èédú, irú amọ̀ tí kì í là nínú iná, bí a ṣe ń gbé òòlù lé irin: bí àwọn wọ̀nyí bá kú pẹ̀lú ẹni tí ó mọ̀ wọ́n, kò sí òrìṣà tí inú rẹ̀ yóò dùn. Àwọn onímọ̀ ti sọ ohun tí ó wà nínú dígí Ifẹ̀, ó wà nínú ìwé. Ọwọ́ ni kò sí. Ọwọ́ tí ó sún mọ́ ọn jù lọ ni ti alágbẹ̀dẹ tí ó ṣì ń fin ewìrì, àti ti àwọn ọ̀dọ́ tí ń jó irin mọ́ irin ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì. Nínú àwọn tí ó ń fi irú irin bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ni Dọ̀tun Pópóọlá wà, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ọnà ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ yìí, tí ó sì ń fi àlòkù irin ọkọ̀ ṣe ẹranko àti orí ènìyàn. Iléérú dígí kékeré kan, bí irú èyí tí wọ́n mọ sí Toledo, kò kọjá agbára ìlú tí ó ní yunifásítì, tí ó ní alágbẹ̀dẹ, tí ó sì ní Olókun. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgò fífọ́ bí àwọn Masaga. Dígí àkọ́kọ́ kò ní gbọ́ràn. Ti Littleton pàápàá kò gbọ́ràn.

Kí iléérú tó dìde, ohun kan wà tí ó ṣeé ṣe lónìí. Ọ̀pọ̀ awo ni ó mọ orúkọ ẹni tí ó tẹ̀ wọ́n ní Ifá, àti ti ẹni tí ó tẹ ẹni náà, lọ títí. Àwọn mélòó ni ó mọ orúkọ ẹni tí ó rọ òsùn ilé baba wọn? Akọ̀wé ọdún ti tẹ́ ìwé sílẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Kí ẹni tí ó bá mọ orúkọ alágbẹ̀dẹ náà, àti ìlú rẹ̀, àti bóyá ẹnìkan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń fin ewìrì, yà níbẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó lọ jẹun. Kí ẹni tí kò bá mọ̀ béèrè lọ́wọ́ àgbà tí ó jókòó tì í.